Ọṣẹ Mi Ló Fẹ́rẹ̀ẹ́ Ba Ọjà Yín Jẹ́ ní Dugbe

Abúlé Ìdí-Àràbà,
Lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1989.

Àjàgbé ọmọ mi, ọkọ mi,

Kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú ara líle, kí ó sì bá ọ lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, nítorí mo mọ̀ pé tí ebi bá ń pa ọ́ o kì í ka ìwé dé ìsàlẹ̀. Ọlọ́run tó kó ọ yọ lọ́wọ́ èéyi nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin ni yóò máa kó ọ yọ lọ́wọ́ àwọn ọkọ̀ tó ń sáré ní Mọ́kọ́lá. Bí o bá ti ń jáde ní Bodija láàárọ̀, ire ni wàá máa bá pàdé títí tí wàá fi dé Dugbe. Àmín. Èmi náà wà, orúnkún mi nìkan ló ń dà mí láàmú tí òjò bá ṣú. Ewúrẹ́ tó ní àmì funfun lórí ti bímọ, akọ méjì ni. Pásítọ̀ ní kí n kí ọ, ó ní o kò kọ̀wé sí òun mọ́.

Má wo bí ọwọ́ mi ṣe rí. Tíṣà Olúṣẹ̀yẹ ló máa ń bá mi kọ lẹ́tà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wà nínú èyí tí tíṣà kò gbọ́dọ̀ gbọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi fi kíláàsì mẹ́ta tí mo kà nílé ìwé Onítẹ̀bọmi kọ ọ́ fúnra mi, ọjọ́ mẹ́rin ni mo sì ti wà lórí rẹ̀.

Sàtífíkéètì ìpín tí o fi owó ọṣẹ dúdú mi rà fún mi nínú kọ́ńpìnnì ọṣẹ ìfọṣọ yẹn ṣì wà lára ògiri. Mo ti fi sí férémù. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò bàbá rẹ, mo sì gbé tèmi ga díẹ̀ ju tiwọn lọ, kí wọ́n má bínú lọ́run, àwọn kò ní kọ́ńpìnnì rí. Àlejò tó bá wọlé, kí n tó bu omi fún un ni mo ti máa ń fi hàn án. Mísísì Moróunkẹ́ Ọlánípẹ̀kun. Ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe ọwọ́, òǹtẹ̀ pupa sì wà nísàlẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, orí káàdì ìtẹ̀bọmi mi nìkan ni orúkọ mi ti wà rí, wọ́n sì ṣì í kọ.

Láti ìgbà náà ni mi ò ti jẹ́ kí wọ́n fi ọṣẹ kọ́ńpìnnì wa ṣòfò lójú mi. Mo bá ìyàwó Adéróunmú, awakọ̀ tó ń bá wa gbé ẹrù wá sí Ṣàngó, létí odò, ó gbàgbé ọṣẹ sínú omi ó ń yòrò, mo ní kó yọ ọ́ kíá. Ó ní ṣé èmi ni mo bá òun ra ọṣẹ ni. Mo ní èmi kọ́ ni mo rà á, àmọ́ èmi ni mo ni ilé tí wọ́n ti se é. Nígbà tí mo délé ni mo wá rò ó pé tí èyí bá yòrò á ra òmíràn, ni mo bá padà lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó máa gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

Wọ́n tún kọ̀wé pè wá sí ìpàdé àwọn tó ni kọ́ńpìnnì, ní Èkó. Fọ́ọ̀mù kan wà nínú rẹ̀ tí Tíṣà kà fún mi pé tí mi ò bá lè wá, kí n kọ orúkọ ẹni tí yóò jókòó dípò mi tí yóò sì sọ̀rọ̀ lórúkọ mi. Mo rò ó títí. Ìwọ wà lẹ́nu iṣẹ́, àbúrò mi ọkùnrin kì í sọ̀rọ̀ kó mọ níwọ̀n. Mo bá kọ Olúwa àwọn ọmọ ogun síbẹ̀. Ibi tí wọ́n ní kí n kọ àdírẹ́sì ẹni náà sí, mo kọ ọ́ pé ibi gbogbo ni. Wọn ò fún mi lésì, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé Ó lọ.

Ó yá, ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ gan-an rèé. O rántí pé nígbà tí sàtífíkéètì mi dé, obìnrin márùn-ún nínú Ẹgbẹ́ Obìnrin ìjọ wa kó owó wá kí o bá àwọn náà rà, Láwùmí ọ̀rẹ́ mi sì ni aṣáájú wọn. Èmi ni mo gbé fọ́ọ̀mù yí ilé wọn ká. Mo ní ọmọ mi ni, ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Nínú oṣù kẹfà, lẹ́yìn ìsìn, Tíṣà gbé ìwé ìròyìn wá, ó ní ìpín tí a rà ní náírà kan àti ogójì kọ́bọ̀ ti di ọgọ́rin kọ́bọ̀. Ó ní bí ìlú ṣe rí nìyẹn, gbogbo nǹkan ti gbówó lórí, náírà ń rù, kò sẹ́ni tó mọ bí ọdún tó ń bọ̀ yóò ṣe rí, ẹ̀rù sì ń ba àwọn olówó. Kó tó ká ìwé ìròyìn rẹ̀, àwọn obìnrin márààrún ti wà nílé mi.

Láwùmí ní kí n bá àwọn sọ kọ́ńpìnnì mi kalẹ̀ lára ògiri káwọn wò ó bóyá òun náà ti rù. Òmíràn ní òun ti gbọ́ pé Àjàgbé ti ti ọ́fíìsì tó ti ń bá èèyàn ra ìpín pa, ó ti wà ní Kòtónù. Mo bu omi fún wọn, wọn ò mu. Àjàgbé, o mọ ohun tó túmọ̀ sí kí Láwùmí jókòó sí pálọ̀ mi kó má mu omi mi. Àti ìgbà tí a ti jọ ń pọnmọ sẹ́yìn ni a ti ń mu omi ara wa.

Lọ́jọ́ kẹta ni ọkùnrin kan dé láti Mọ́kọ́lá, Àlàó lorúkọ rẹ̀, ó gbé àpò aláwọ dúdú kọ́ apá. Ó ní àánú àwọn obìnrin oko ló ń ṣe òun, ó ní ìwé náà ti bàjẹ́, kó tó di èyí tí wọ́n á fi máa pọ́n ẹ̀pà òun á ra ìpín kọ̀ọ̀kan ní ọgbọ̀n kọ́bọ̀. Ẹnìkan nínú àwọn obìnrin náà ti sáré lọ tú abẹ́ ẹní rẹ̀ láti mú ìwé tirẹ̀ wá. Ẹ̀rù bà mí, ẹnu mi sì ṣáájú mi. Mo ní kí wọ́n fún mi di ọjọ́ Ìkórè ìjọ. Tí owó rẹ̀ kò bá gòkè padà kó tó dọjọ́ náà, èmi ni n ó rà á lọ́wọ́ wọn ní iye tí wọ́n rà á, kò ní dín ní kọ́bọ̀ kan, kò sì sí ẹni tí yóò pe ọmọ mi lólè. Mi ò ní owó náà o. Ilẹ̀ tí bàbá mi fún mi létí odò ni mò ń wò nígbà tí mò ń sọ ọ́.

Ohun tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ rèé, má jẹ́ kó dùn ọ́. Mo wá sí Ìbàdàn, mi ò sọ fún ọ. Ọ̀rọ̀ Kòtónù yẹn ti wọ̀ mí lára. Mo wọ ọkọ̀ Adéróunmú, mo sọ̀kalẹ̀ ní Ṣàngó, mo wọ takisí dé Dugbe, mo sì dúró lódìkejì ọ́fíìsì yín láàárín àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn, mo fa gèlè bo iwájú orí. Mo kọ́kọ́ wò ó bóyá àgádágodo wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Kò sí. Mo tún wò ó bóyá àwọn èèyàn ń sunkún jáde. Wọn ò sunkún. Bó ṣe rí lọ́dún tó kọjá tí o mú mi wọlé náà ló rí, tí mo bi ọ́ pé ọjà ìpín tí ẹ ń sọ dà, ta ló ń pàtẹ, tí o sì fi àwọn ọkùnrin onítáì hàn mí tí wọ́n ń bá tẹlifóònù jà.

Ní ọ̀sán o jáde pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ kan, ẹ ra gúgúrú àti ẹ̀pà, ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Inú bí mi. Èmi tí mi ò jẹun kánú fún ọjọ́ mẹ́ta, gúgúrú ni ọmọ mi ń jẹ! Lẹ́yìn náà lo yíjú padà tí ò ń wọlé lọ, mo sì rí gìgísẹ̀ bàtà rẹ. Ó ti jẹ lápá kan débi pé ẹsẹ̀ rẹ ń dà sí òsì. Mo mọ bàtà náà, òun lo wọ̀ wá sílé ní Kérésì ọdún kẹta sẹ́yìn. Ẹni tó bá ń jẹ owó obìnrin márùn-ún kò ní máa wọ irú bàtà yẹn. Omi bọ́ lójú mi láàárín ọjà. Ọkùnrin tó ń ta ìwé ìròyìn ní Màmá, ṣé wọ́n já yín lówó gbà ni, mo ní rárá, ọmọ mi ni kò jalè.

Mi ò kí ọ. Tí mo bá kí ọ wàá bi mí pé kí ni mo wá wò, mi ò sì lè wí i lójú rẹ.

Inú ọkọ̀ tí mo wọ̀ padà ni ojú mi ti là. Mo bi ara mi pé ta ló ń ba ọjà kọ́ńpìnnì ọṣẹ jẹ́? Èmi ni. Èmi Moróunkẹ́! Láti Ìdí-Àràbà títí dé abúlé mẹ́ta tó yí wa ká, ta ló ń ra ọṣẹ tí wọ́n fi bébà wé nígbà tí ọṣẹ dúdú mi wà nílẹ̀? Wọ́n fi ń wẹ̀, wọ́n fi ń fọ orí, wọ́n fi ń fọṣọ. Èmi tí mo ni kọ́ńpìnnì, èmi náà ni mò ń gba oníbàárà mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí mo ṣe délé, mi ò tíì bọ́ bàtà, mo gbé korobá omi, mo pa iná ààrò ọṣẹ mi méjèèjì.

Gbogbo àwọn oníbàárà mi ni mo ń darí sí ọṣẹ kọ́ńpìnnì. Àwọn kan ní àìsàn ló ń ṣe mí. Ìyá ọlọ́mọ kan wá, ara ọmọ rẹ̀ ń yún un, ó ní tèmi nìkan ló ń bá a lára mu, mo bá yọ́ kẹ́lẹ́ fún un ní èyí tó kù nínú igbá. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, Tíṣà ní ìpín wa tún fi kọ́bọ̀ márùn-ún wálẹ̀. Mo mọ̀ pé èmi ni, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo tún ní kí àwọn obìnrin márààrún máa fọ ohunkóhun tó bá ṣeé fọ̀. A fọ kọ́tìnnì ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀mejì lóṣù. Láwùmí fọ fìlà tí ọkọ rẹ̀ fi gbé e níyàwó, ó sún kì, ọkọ rẹ̀ kò sì bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì.

Àlàó tún dé nínú oṣù keje, ó ní àádọ́ta kọ́bọ̀ ni nísinsìnyí. Nínú oṣù kẹjọ ó ní ọgọ́rin. Mo bi àwọn obìnrin pé irú ọkùnrin wo ló ń wọkọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láti Mọ́kọ́lá wá ra ohun tó ti bàjẹ́? Mo ní ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń ta ọṣẹ, oníbàárà tó bá ń bú ọṣẹ mi tí kò kúrò nídìí igbá, rírà ló fẹ́ rà á. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn Láwùmí gbé sàtífíkéètì tirẹ̀ wá, ó ní kí n tì í mọ́ inú àpótí mi, nítorí òun kò gbẹ́kẹ̀ lé ọwọ́ ara òun tí Àlàó bá tún ṣí àpò yẹn.

Lọ́jọ́ Ìkórè, mi ò lè kọrin. Mo ti ka ilẹ̀ etí odò náà mọ́ ohun tó ti lọ. Tíṣà jáde pẹ̀lú ìwé ìròyìn, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní náírà kan àti ọgọ́ta kọ́bọ̀. Àjàgbé! Ó ju iye tí a rà á lọ! Wọ́n gbé mi sókè, èmi tí orúnkún ń dùn. Ẹgbẹ́ Obìnrin kúnlẹ̀, wọ́n pe orúkọ rẹ nínú àdúrà, Olúsọjí Àjàgbé Ọlánípẹ̀kun, wọ́n pè é ní kíkún, mo sì ń wo gbogbo àwọn tó sọ ọ̀rọ̀ Kòtónù lójú lọ́kọ̀ọ̀kan. Láwùmí tẹ̀ lé mi délé. Kò dúró kí n bu omi fún òun. Ó ṣí àmù mi fúnra rẹ̀, ó bu omi, ó mu ún tán, ó tún bu òmíràn.

Tíṣà ní èrè tí kọ́ńpìnnì jẹ ló gbé owó rẹ̀ sókè. Mo jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Tíṣà kò se ọṣẹ rí.

Sọ̀wédowó kékeré kan wà nínú lẹ́tà yìí, kọ́ńpìnnì ló fi ránṣẹ́ sí mi, èrè ìpín mi ni. Báńkì ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní àfi kí n ní àkáǹtì, mo ní àkáǹtì kọ́ ni mo wá rà. Gbé e lọ fún àwọn tó ń ta bàtà ní Òkè-Àdó, kí wọ́n fún ọ ní bàtà tuntun tó le ní gìgísẹ̀. Tí wọ́n bá ṣe bí ẹni kọ̀, sọ fún wọn pé ìyá rẹ ló ni kọ́ńpìnnì. Èmi náà fẹ́ kí o fi owó àdín kẹ́ẹ̀gì méjì ránṣẹ́ sí mi nípasẹ̀ Adéróunmú, àti ti eérú èèpo kókó, nítorí oṣù méjì ààbọ̀ tí mi ò fi se ọṣẹ ti jẹ owó ọwọ́ mi tán.

Ilé tí o bá wọ̀, wọn ò ní kọ omi rẹ. Orúkọ rẹ tí wọ́n pè ní kíkún, bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò máa pè é títí tí wàá fi darúgbó. Ìyàwó tí wàá fẹ́ yóò mọ ìwà rẹ ju bàtà rẹ lọ. Àmín.

Ààrò kan ṣoṣo ni n ó dáná sí lákọ̀ọ́kọ́, kí ó má bàa já wọ́n láyà. Bá mi sọ ọ́ fún àwọn ọ̀gá yín ní Dugbe. Bí o bá sì rí i pé owó ìpín wa tún ń wálẹ̀, sáré kọ ọ́ sí bébà kí o fún Adéróunmú ní Ṣàngó. Korobá omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, n ó pa iná náà lọ́jọ́ yẹn.

Èmi ni ìyá rẹ,
Mísísì Moróunkẹ́ Ọlánípẹ̀kun,
bó ṣe wà lára ògiri.