Sinimá Ẹbúté Tí Mo Mú Ìyá Mùhúdíìnì Lọ Wò

                                                                B.P. 1147,
                                                                New Bell,
                                                                Douala,
                                                                Kamẹrúùnù.
                                                                Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kejì, ọdún 1972.

Amos, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà nílé? Bernice ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé ara rẹ̀ ti mókun lẹ́yìn ìbímọ? Ọmọ tuntun ńkọ́, ṣé ó ń jẹ́ kí ẹ sùn? Màmá ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti gbà fún wọn láti máa rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì? Mo kí àwọn ọmọ ilé ìwé tí ò ń kọ́ ní èdè Faransé, mo sì kí ìwọ alára kú iṣẹ́ ẹnu. Ní tiwa níhìn-ín, ara le, ooru nìkan ni kò jẹ́ ká gbádùn. Tinúadé ìyàwó mi kí ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi àti òun kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ tí a wà yìí. O máa mọ ìdí rẹ̀ kí o tó ka lẹ́tà yìí tán.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ kí ọdún tó parí. O ní ọ́fíìsì àwọn Faransé kan ní Ìbàdàn fẹ́ yá ilé ìwé yín ní sinimá, pé sinimá òótọ́ ni wọ́n, kì í ṣe ti eléré, o sì fẹ́ kí n sọ èyí tó yẹ ní wíwò fún ọ, nítorí irú wọn náà ni wọ́n máa ń fi hàn wá níhìn-ín. O ò ṣì í. Láti ìgbà tí o ti kúrò ní Douala, kò sí èyí tí mo pa jẹ. Bí a bá ti jáde ìsìn lọ́jọ́ Ìsinmi, ọ̀nà gbọ̀ngàn àwọn Faransé ni ẹsẹ̀ mi máa ń kọrí sí. Títí kan àwọn tí a jọ ń ta aṣọ ní ọjà Marché Central, Ọ̀gá Sinimá ni wọ́n ń pè mí, orúkọ náà sì ń dùn mọ́ mi tẹ́lẹ̀. Nísinsìnyí, bí ẹnikẹ́ni bá pè mí bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ ni mo ń wò.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ohun tí o bi mí. Yá èyí tí wọ́n fi hàn bí àwọn apẹja ṣe ń kó edé lódò Wouri. Kò sí ariwo nínú rẹ̀, ẹni tó ń ṣàlàyé kì í kánjú, àwọn ọmọ rẹ á sì gbọ́ Faransé rẹ̀ yékéyéké. Èyí tó dá lórí àrùn kòkó náà dára, àgàgà fún ọmọ tí baba rẹ̀ bá ní oko. Èyí tí àwọn òyìnbó ti rìn lórí òṣùpá, yá a, ṣùgbọ́n múra sílẹ̀ fún àríyànjiyàn. Jonah tó ń wa kirénì ní ẹbúté fi orí rẹ̀ búra fún wa pé iyanrìn Maroua ní òkè ọya Kamẹrúùnù lòun rí níbẹ̀, pé òun ti dé ibẹ̀ rí. Má wulẹ̀ yá èyí tí wọ́n ti ń fi èso ṣe wáìnì. Oorun ni mo sùn.

Nínú àwọn tí o dárúkọ, ó wá ku ọ̀kan, sinimá ẹbúté Douala. Òun gan-an ló jẹ́ kí èsì rẹ pẹ́. Mo ti mú bírò, mo ti sọ ọ́ sílẹ̀, ìtìjú kò jẹ́ kí n kọ ọ́.

Ìyá kan wà tí a jọ ń gbé inú ọgbà kan náà. Kàbírátù lorúkọ wọn, ṣùgbọ́n Ìyá Mùhúdíìnì ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Àlùbọ́sà ni wọ́n ń tà ní ọjà Sandaga, ọmọ Màsífà ní Ògbómọ̀ṣọ́ yín níbẹ̀ sì ni wọ́n. Lẹ́yìn tí o lọ ni wọ́n kó dé ọ̀dọ̀ wa, o ò lè mọ̀ wọ́n. Mùhúdíìnì nìkan ni Ọlọ́run fún wọn. Ẹrù ló ń rù ní ẹbúté, ọmọkùnrin tí ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, kò tíì gbéyàwó. Lọ́dún tó kọjá, Ìyá lọ sílé lọ ṣe ìgbéyàwó ọmọ àbúrò wọn. Ẹ̀yìn wọn ni ibà kọlu Mùhúdíìnì. Kò pẹ́ lórí àìsàn rárá, ó kú, a sì sin ín kí Ìyá tó padà dé.

Ta ni yóò sọ fún ìyá tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá fínra pé ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí ti lọ? Bàbá Rùfáì, olórí àwa Yorùbá ní New Bell, pe gbogbo wa jọ. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ la ẹnu, pé ẹ̀gbọ́n Ìyá ni yóò wá láti ilé, kí ẹbí fúnra wọn túfọ̀ bó ṣe yẹ. Kí ó tó dé, ká máa sọ pé Mùhúdíìnì bá iṣẹ́ lọ sí Gabon. Ohun tí gbogbo wa sì ń sọ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n náà ń bọ̀ lónìí, ó ń bọ̀ lọ́la, oṣù ń gorí oṣù.

Ni Ìyá bá bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù ránṣẹ́ sí ọmọ wọn. Gàrí, ẹja gbígbẹ, ata lílọ̀. Amos, ìgbà kan wà tí wọ́n gbé e fún mi pé kí n bá àwọn wá ẹni tí yóò mú un dé Gabon. Ta ni mo fẹ́ gbé e fún? Mo ní kí Tinúadé sè é kó má bàa bàjẹ́. Ó sè é, kò fẹnu kàn án. Ẹja tí ìyá fi ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ tó ti kú, èmi Bánjọ ni mo jókòó tí mo jẹ ẹ́.

Oṣù tó kọjá ni mo kọ́kọ́ rí sinimá ẹbúté yìí. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti yà á, Mùhúdíìnì ṣì wà láyé nígbà náà. Mo jókòó jẹ́ẹ́, àfi bí mo ṣe rí i tó gbé àpò kòkó kọ́ èjìká, aṣọ ìnura lọ́rùn, tó yíjú sí wa, tó sì rẹ́rìn-ín. Lákòókò yẹn, Ìyá ti ń ráhùn pé kò kọ̀wé, pé bí àwọn bá dijú, ojú rẹ̀ kì í tètè wá sí àwọn lọ́kàn mọ́. Mo wá rò ó pé bí wọ́n bá rí i níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín, ọkàn wọn á fara balẹ̀ títí ẹ̀gbọ́n wọn á fi dé. Ohun tí mo sọ fún ara mi nìyẹn. Òdodo ibẹ̀ ni pé mo fẹ́ kí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọ̀gá Sinimá. N ò bi Bàbá Rùfáì, n ò bi Tinúadé. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ tún un fi hàn, mo sọ fún Ìyá pé ọmọ wọn wà nínú sinimá tí wọ́n yà kí ó tó rìnrìn àjò. Wọ́n wẹ̀, wọ́n lé tìróò, wọ́n gbé ìborùn tuntun. A jókòó níwájú. Àwọn ará wa kún ibẹ̀ fọ́fọ́, nítorí ìròyìn ti tàn pé àwọn ará ẹbúté wà nínú rẹ̀. O sì mọ bí a ṣe ń wo sinimá, ẹnu wa kì í dákẹ́. Bí Àfísù tí òun àti Mùhúdíìnì jọ ń rẹrù ṣe yọ tòun ti àpò, wọ́n pariwo: "Àfísù o! Má jẹ́ kó já bọ́ o!" Jonah yọ lórí kirénì, wọ́n fi Faransé pè é ní ọ̀gá: "Ṣẹ́ẹ̀fù! Ṣẹ́ẹ̀fù Jonah!" Mùhúdíìnì wá yọ. Ìyá fò dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́: "Ọmọ mi rèé! Mùhúdíìnì mi rèé o!"

Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Kò sí ẹni tó lè kí òkú, kò sì sí ẹni tó rántí pé ó yẹ ká díbọ́n. Ìyá wẹ̀yìn, wọ́n wo ojú àwọn èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì wá wo tèmi.

"Bánjọ, ẹ kí Àfísù, ẹ kí Jonah. Kí ló dé tí ẹnì kankan ò kí ọmọ mi?"

Mo sorí kọ́. Ìyá jókòó, wọ́n fa ìborùn bojú, wọ́n ní, "Ó ti tó ìgbà wo?"

Ikú yá jẹ̀sín. Bàbá Rùfáì ló dìde lẹ́yìn wa, tí wọ́n di Ìyá lọ́wọ́ mú jáde, sinimá ṣì ń lọ lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn àgbà pè mí. Mo dọ̀bálẹ̀, wọn ò tètè ní kí n dìde. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí, pé ta ló rán mi níṣẹ́. Tinúadé kò bá mi jà, á kàn gbé oúnjẹ mi kalẹ̀, á sì jáde. Ẹ̀yìnkùlé ni mo ń gbà lọ sí ìsọ̀, kí n má bàa gba ẹnu ọ̀nà Ìyá kọjá.

Ẹ̀gbọ́n Ìyá ti dé báyìí, ó fẹ́ mú wọn lọ sílé. Lánàá ni Ìyá fúnra wọn wá kan ilẹ̀kùn mi. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní kí n jókòó. "Mi ò tíì dárí jì ọ́, Bánjọ. Mi ò mọ̀ bóyá màá dárí jì ọ́. Tinúadé sì ti sọ ọ̀rọ̀ ẹja yẹn fún mi." Mo rò pé wọ́n máa jáde, wọn ò jáde. Wọ́n bi mí bóyá òótọ́ ni mo ní ọ̀rẹ́ kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ tó fẹ́ fi sinimá han àwọn èèyàn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n wá sọ iṣẹ́ tí mo máa rán ọ.

Bá mi kí Màmá, kí o sì bá mi kí Bernice kú ọwọ́ lómi. Sọ fún Kọ́lápọ̀ àbúrò rẹ pé mo rí fọ́tò rẹ̀, ó ti sanra jù.

Iṣẹ́ Ìyá nìyí. Yá sinimá ẹbúté náà, kódà bí o kò bá yá ìyókù. Ìyá á wá láti Màsífà pẹ̀lú gbogbo ẹbí, fi wọ́n jókòó síwájú. Sọ orúkọ ọmọ náà fún àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ ṣáájú. Bí ẹ bá ti rí ọmọkùnrin kan tó gbé àpò kòkó kọ́ èjìká, tó yíjú tó rẹ́rìn-ín, Mùhúdíìnì nìyẹn. Jọ̀ọ́, Amos, ẹ má dákẹ́. Ẹ pe orúkọ rẹ̀, kí gbogbo ilé kí i kú iṣẹ́, kí ìyá rẹ̀ gbọ́.

                                                                Tìrẹ ni mí, bí ojú tilẹ̀ ń tì mí,
                                                                Bánjọ.