Ọgbà Pákó Tí Ojú Rẹ̀ Kọ Sínú Ilé

Ilé tí ó kángun,
Òpópónà Ẹ̀yìn Ilé Ìlagi.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Tí Ó Ń Bójú Tó Ilé Kíkọ́,
Ilé Ìjọba Ìbílẹ̀.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ JẸ́ KÍ N PARÍ ỌGBÀ ONÍPÁKÓ TÍ WOLÉ-WOLÉ YÍN DÁ DÚRÓ

1. Ìyàwó mi kú ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kejì, ní àárọ̀, lórí ibùsùn rẹ̀. N kò mọ ìwé. Ẹnu mi ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń jáde, àkọ́bí mi obìnrin ló ń kọ ọ́. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má bu oyin sí i.

2. Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, ẹ̀fúùfù wó ọgbà wa àtijọ́, gbogbo ẹni tó ń kọjá sì ń yọjú wò ó láti ojú fèrèsé. Ó ní kí n fi pákó ṣe òmíràn, kí n tẹ́ wọn ní ìdábùú, kí àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ wà láàárín wọn kí atẹ́gùn lè wọlé. Bíríkìlà ni mí, n kì í ṣe káfíńtà. Bí a ṣe ń to búlọ́ọ̀kù ni mo ṣe to pákó, ìlà lé ìlà. Káfíńtà àdúgbò wa bi mí bóyá màá fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ tí mo bá parí. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó kú kí n tó parí rẹ̀.

3. Àwọn káfíńtà a máa kọ ojú pákó tó dán síta, kí òpó wà nínú. Èmi kọ ojú tó dán sínú, mo fi òpó síta. Ẹni tó dùbúlẹ̀ ni mo ń ṣe é fún, kì í ṣe èrò ọ̀nà.

4. Lẹ́yìn ìsìnkú, wolé-wolé yín dé. Ó ní òpó tó yọ síta yóò fún olè ní ibi ìdìmú, àti pé òfin ní ojú tó dán ni kó kọ sí títì. Ó fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára pákó pé kí n dáwọ́ dúró. Mo ṣàlàyé fún un. Ó ní, “Bàbá, ẹni tí ẹ ń ṣe é fún ti kú. Ẹ yí i síta.” Ọmọ mi ló sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

5. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Mo mọ̀ pé ó kú. Ṣùgbọ́n iwájú fèrèsé rẹ̀ gan-an ni ọgbà náà ti ṣí sílẹ̀, n kò sì lè fìdí kalẹ̀. Mo bu omi, n kò mu ún. Mo jáde lọ fọwọ́ kan pákó, mo wọlé, mo tún jáde. Àwọn pákó tó kù wà nínú òrùn, wọ́n ti ń wọ́. Pákó tó bá wọ́ tán kò ṣeé kàn mọ́.

6. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí n fi wọ́n dí ibẹ̀ bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀. Bí ibi ìdìmú ló ń bà yín lẹ́rù, n ó fi pákó bo àwọn òpó náà láti ìta.

7. Láti òní lọ, àkọ́bí mi ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀. Ó ní sùúrù jù mí lọ. Ohun tí ẹ̀yin àti òun bá fẹnu kò sí ni n ó ṣe. Bí òun fúnra rẹ̀ bá ní kí n tú gbogbo rẹ̀, kí n kọ ojú rẹ̀ síta, n ó mú òòlù. Lẹ́nu ẹlòmíràn, n kò ní gbọ́ ọ.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Èmi ni tiyín tí ń retí èsì,

(Ìtẹ̀ka)
Bàbá Bíríkìlà,
Onílé.