Áńgẹ́lì Lórí Páálí Rẹ́kọ́ọ̀dù

Ọjọ́ Ajé, 12 Oṣù Kìíní, 2026

Aago méjì ku ogún ìṣẹ́jú, Ìyá Òfin á ti ilẹ̀kùn iwájú. Màá ka ìṣísẹ̀ wọn lórí yìnyín – mẹ́rìnlá dé ìdí ọkọ̀ – màá sì dúró títí ẹ́ńjìnnì á fi dún. Ìgbà náà ni mo máa ń bọ́ bàtà, kí n tó gun àtẹ̀gùn láti bésímẹ́ǹtì, yàrá mi lábẹ́ ilé, ẹ̀gbẹ́ ògiri ni o, torí àárín igi rẹ̀ máa ń dún. Màá ṣí kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì ní pálọ̀. Àwo rẹ́kọ́ọ̀dù kejì láti apá òsì, láàárín àwọn orin ìyìn. Màá gbé e sọ̀kalẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin. Aṣọ tí mo fi ń nu awò ojú mi ni mo fi ń nù ún, yípoyípo, láti inú bọ̀ sí etí. Kọ́ìn kan á jókòó lé abẹ́rẹ́ giramafóònù àtijọ́ tó wà nísàlẹ̀ kó má baà máa fò. Èmi náà á jókòó sílẹ̀, ẹ̀yìn mi sí ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná. Tó bá di aago mẹ́ta, màá dá a padà sáyè rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé, ojoojúmọ́.

Ìyá Òfin ni Auntie Oyèbísí, onílé mi ní Rexdale, lókè òkun níbi tí mo wá kàwé. Òfin wà lára gbogbo ilẹ̀kùn. Pa iná. Má fọ aṣọ lọ́jọ́ Àìkú. Jésù ń wò ọ́.

Ọjọ́rú, 14 Oṣù Kìíní

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, orin ìyìn ni mo rò pé mo gbé. Áńgẹ́lì ńlá ló wà lórí páálí rẹ̀, ìyẹ́ funfun, ọkùnrin mẹ́rin dúró lábẹ́ rẹ̀. Tìtorí áńgẹ́lì yẹn ni Ìyá Òfin ṣe ń tọ́jú àwo náà láti ọdún mọ́kànlélógójì. Wọn ò gbé e sórí ẹ̀rọ rí. Ẹni tó bá fara balẹ̀ wo fọ́tò náà á rí i pé ara pátákó ni wọ́n ya áńgẹ́lì sí, ẹnu ọ̀nà ilé ọtí kan ní London ni pátákó sì wà. 1975. Damp Street Five ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ náà. Mẹ́rin ni wọ́n. Mo ti kà wọ́n tó ìgbà mẹ́wàá.

Lórí fóònù, ẹnì kan ṣoṣo ló kọ nǹkan nípa wọn, ìlà méjì péré: alẹ́ kan ni wọ́n fi gbà á sílẹ̀ nínú ilé ọtí náà, àwọn tó rà á ò pọ̀.

Àwọn tí ò rà á ló pàdánù. Gìtá bí ẹni ń fi ayùn rẹ́ igi tútù. Onílù ń sáré bí ẹni tí bọ́ọ̀sì ìkẹyìn fẹ́ fi sílẹ̀. Akọrin – Olóhùn-Páànù ni mo sọ ọ́ – gbàgbé ẹsẹ kejì, ó tún ẹsẹ kìíní kọ, kò tijú. Ìgò fọ́. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Wọn ò dúró. Orin àkọ́kọ́ tiẹ̀ wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀ léra, àṣìṣe iléeṣẹ́ ni mo rò. Kò sẹ́ni tó fọ̀ ọ́, kò sẹ́ni tó lọ̀ ọ́. Nílùú yìí, gbogbo ohùn ni wọ́n ti lọ̀ bí ẹ̀wù ọ́fíìsì.

Nǹkan kan tún wà. Tí orin àkọ́kọ́ bá parí, ohùn kan máa ń ké láti ọ̀nà jíjìn. Ó jọ Yorùbá létí mi. Àárò ilé ni, kò sí ohun tí kò lè mú èèyàn gbọ́.

Ọjọ́bọ̀, 15 Oṣù Kìíní

Nathan tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ kíláàsì tún ní ká jọ lọ mu kọfí lọ́jọ́ kan. Ìkẹrin rèé. Kò tíì béèrè orúkọ mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 16 Oṣù Kìíní

Ọwọ́ tẹ̀ mí. Ìyá Òfin gbàgbé káàdì iṣẹ́, wọ́n padà wálé. Mo kàn rí ẹsẹ̀ wọn lórí àtẹ̀gùn ni. Mo kúnlẹ̀ kí wọ́n tó bi mí.

Wọ́n ní kí ni mò ń gbọ́? Mo ní àwo aláńgẹ́lì yẹn ni, mà.

Ojú wọn tàn bí iná ilé ìtajà. "Àyọ̀ká! Ìwọ? Orin ìyìn? Ṣebí mo ń sọ fún Bàbá ilé yìí pé ọmọ yìí dákẹ́ jù. Àṣé àdúrà lò ń gbà!"

Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí n ti sọ pé, Auntie, ilé ọtí ni. "Ẹ ṣé, mà" ni mo sọ.

Ní báyìí, ìpàdé àdúrà máa wáyé nínú ilé yìí lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, èmi ni màá gbé àwo náà sí i fún gbogbo wọn. Tí wọ́n bá mọ ohun tó jẹ́, ó di inú agolo ìdọ̀tí. Mi ò sì ní ẹlòmíì tó ń bá mi sọ̀rọ̀ nílùú yìí.

Ọjọ́ Ajé, 19 Oṣù Kìíní

Bàbá Àga ni ọkọ Ìyá Òfin. Ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin. Wọ́n ṣiṣẹ́ ní pápá ọkọ̀ òfuurufú ní Mississauga títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Orí àga nínú yàrá wọn lókè ni wọ́n wà látìgbà náà. Gbólóhùn kan lójúmọ́. Tòní ni: "Ti ilẹ̀kùn yẹn, jààre." Wọ́n máa ń fa jààre náà bíi rọ́bà.

Ìyá Òfin sọ fún wọn nípa àwo aláńgẹ́lì àti ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ Bàbá. "Èwo?" Gbólóhùn kejì lọ́jọ́ kan náà!

Ọjọ́rú, 21 Oṣù Kìíní

Mo kọ lẹ́tà sí Ìyá Òfin, mo jẹ́wọ́. Mo fà á ya.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 24 Oṣù Kìíní

Èèyàn méjìlá. Pásítọ̀ Adéṣínà. Ìyá Oyinkán láti Milton. Àwọn yòókù, ìbọ̀sẹ̀ wọn nìkan ni mo mọ̀, torí ilẹ̀ ni mò ń wò. Wọ́n gbé giramafóònù gòkè, wọ́n so ó mọ́ sípíkà ńlá tí wọ́n fi ń lé Sátánì. Abẹ́rẹ́ já lu àwo. Gìtá bú jáde. Mo dijú.

Mò ń retí ariwo. Nígbà tí mo lajú, Ìyá Oyinkán ti ń jó.

Gẹ̀ẹ́sì Olóhùn-Páànù ò yé ẹnì kankan. Pásítọ̀ ṣàlàyé pé èdè àwọn ará Wales ni, àwọn tí iná ìsọjí jó láyé àtijọ́. Ìgò fọ́. Ìyá Oyinkán ní ẹ gbọ́, ẹ gbọ́, ọtí ni wọ́n ń fọ́ dà nù yẹn, ìrònúpìwàdà rèé! Mo ki ìka bọ ẹnu.

Orin àkọ́kọ́ parí. Nínú sípíkà ńlá yẹn, ohùn ẹ̀yìn ké, ketekete: "Ẹ tún un kọ, jààre!"

Ìyá Oyinkán dá ijó dúró. Ìyá Òfin sọ jẹ́jẹ́ pé, "Yorùbá nìyẹn." Pásítọ̀ fò dìde: Ẹ̀mí ti bà lé òyìnbó, ó ń fi èdè fọ̀, ó ń fọ Yorùbá! Halelúyà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí òrùlé. Pásítọ̀ ní ìjọ gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ. Ọjọ́ Àìkú kìíní Oṣù Kejì, èmi ni màá jẹ́rìí, lẹ́yìn náà wọ́n á fi àwo náà sínú gíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ, títí láé. Ìyá Òfin ti sọ pé àmín.

Bàbá Àga nìkan ni kò dìde. Wọ́n fi ìwé orin bojú, èjìká wọn ń mì. Ìyá Oyinkán ní wọ́n ń sunkún. Ẹ̀rín ni. Mo mọ jààre yẹn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 27 Oṣù Kìíní

Ìyá Òfin ní kí n jẹ́rìí níwájú àwọn ná, ká fi dánra wò. Wọ́n ní omijé gbọ́dọ̀ bọ́ ní ìparí, kì í ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 31 Oṣù Kìíní

Ìyá Òfin lọ tún ṣọ́ọ̀ṣì ṣe. Mo gbọ́ ìṣísẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, àárín igi gan-an. Bàbá Àga. Wọn ò sọ̀kalẹ̀ wá rí. Wọ́n jókòó lórí àpótí mi, wọ́n mí títí.

"Ohùn mi ni."

Mo ní mo mọ̀, sà.

1975. Akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ní London. Oṣù mẹ́ta, kò sẹ́ni tó pe orúkọ wọn. Òtútù ló lé wọn wọ ilé ọtí náà. Wọ́n ra bíà kan, wọ́n fi wákàtí mẹ́ta mu ún, kò sẹ́ni tó bojú wò wọ́n. Nígbà tí orin àkọ́kọ́ parí, wọ́n ké ní Yorùbá, torí ó dá wọn lójú pé kò sẹ́ni tó máa gbọ́. Olóhùn-Páànù yíjú. Ó na ìka sí wọn. Ó tún un kọ.

Ìdáhùn yẹn ni mo ti ń gbọ́ lójoojúmọ́, tí mo ń pè ní àṣìṣe iléeṣẹ́.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣègbéyàwó, wọ́n sọ fún àwọn àna pé kíláàsì Bíbélì ni àwọn ń lọ nírọ̀lẹ́ ní London. Wọ́n ti ra àwo náà nígbà tó jáde; páálí rẹ̀ ni ẹ̀rí. "Áńgẹ́lì yẹn gbà mí lọ́wọ́ àna," ni wọ́n wí. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi húkọ́. Mo béèrè ẹnì karùn-ún. Wọ́n ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló wà nígbà tí wọ́n ń ya fọ́tò.

Mo wá sọ fún wọn pé tó bá fi lè wọ inú gíláàsì, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ wọn mọ́. Wọ́n gbé àwo náà lé itan. "Sọ ọ́ bó ṣe rí. Mo ti dàgbà ju kíláàsì Bíbélì tí mi ò lọ."

Lọ́la, màá gbé àwo náà mọ́ àyà lọ. Tí wọ́n bá pè mí, màá dìde. Mi ò ní sunkún, ní ìbẹ̀rẹ̀ o, ní ìparí o. Màá sọ pé ilé ọtí ni, pé akẹ́kọ̀ọ́ kan tí kò lẹ́nì kankan ló ké, wọ́n sì dá a lóhùn. Màá sì sọ pé kí wọ́n jẹ́ ká gbé e padà wálé. Ìyá Òfin á lẹ òfin tuntun mọ́ ilẹ̀kùn mi, bí mo bá ṣì ní ilẹ̀kùn.

Mo sọ fún Bàbá pé ohùn mi kéré, ó lè má dé ẹ̀yìn. Wọ́n ní kí n fọkàn balẹ̀. Ẹ̀yìn pátápátá làwọn máa jókòó sí, àwọn sì mọ ohun tí èèyàn ń ké láti ibẹ̀.