Lórí Ikú Gbémisọ́lá, Aláyẹ̀wò Kòkòrò Inú, àti Èsì Tí Ó Fẹ́ Mú Wálé

Sí ìdílé Akínfọlárìn, Atosin, Ìdànrè.

Ìbànújẹ́ ọkàn ni gbogbo àwa òṣìṣẹ́ Ilé Àyẹ̀wò Ìtura fi kọ ìwé yìí, ọkàn náà kò sì tíì balẹ̀. Jàǹbá ọkọ̀ mú Gbémisọ́lá ọmọ yín lọ lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá. Háà, ikú ṣe wá léṣe!

Òun ló ń yẹ kòkòrò tí ń gbé inú ikùn èèyàn wò fún wa. Kì í ṣe pé ó kàn ń wò ó bóyá kòkòrò wà. Jíìnì ló ń wá, ìyẹn àbùdá tí ń sọ kòkòrò di ọ̀dàlẹ̀, nítorí òmíràn wà tí kì í da olúwarẹ̀ láàmú títí ayé, òmíràn sì ń dá ọgbẹ́ sínú títí yóò fi di jẹjẹrẹ.

Nígbà tí àwọn ará ìlú kọ̀ láti wá gbé rọ́bà oníkámẹ́rà tí a fi ń wo inú ikùn mì, pàápàá nígbà tí a ní kí wọ́n wá láìjẹun, ṣọ́ọ̀ṣì yín ni Gbémisọ́lá gbà lọ. Ó bẹ àwọn àgbà ìjọ pé ọjọ́ ààwẹ̀ ni kí èèyàn máa wá, kí wọ́n kúkú fi ebi kan náà ṣe méjèèjì. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì wá. Ẹni tó bá ti mu omi àdúrà kó tó dé, ilé ló ń padà sí, ì báà jẹ́ wòlíì. Púpọ̀ nínú yín náà wá.

Ohun tí kò jẹ́ ká sùn nìyí. Èsì yín jáde nígbà tí ikú rẹ̀ ku ọ̀la. Kòkòrò burúkú náà wà nínú ikùn ẹnì kan nínú yín. Gbémisọ́lá fẹ́ mú èsì náà wálé fúnra rẹ̀, kó jókòó ti onítọ̀hún. A ti rán Tósìn, akọ̀wé wa, sí yín lẹ́ẹ̀mejì. Ẹkún ló bá, kò sì rí bí yóò ṣe pe ẹnì kan sí kọ̀rọ̀ láàárín ọ̀fọ̀. Fóònù onítọ̀hún kò lọ. A sì mọ̀ pé wọn yóò ka ìwé yìí sókè lójú ìjọ, nítorí náà a kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má máa wojú ara yín. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ṣe àyẹ̀wò, ẹ jọ wá ní Ọjọ́ Ajé lẹ́yìn ìsìnkú, a ó máa pè yín wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má dúró de ogójì ọjọ́ ọ̀fọ̀. Oògùn wà, ó sì ń ṣiṣẹ́ bí a bá tètè lò ó; àwa la ó pèsè rẹ̀.

Kí Ọlọ́run tó ni Gbémisọ́lá tù yín nínú, kó rẹ ìyá rẹ̀ lẹ́kún. Ní ti ẹni tí èsì ń dúró dè, Ọlọ́run má jẹ́ kí a tún kọ irú ìwé yìí nítorí rẹ̀.

Bernadette Ọláfẹ́mi,
Olùdarí, lórúkọ gbogbo òṣìṣẹ́.