Wọn Ò Kí Ara Wọn Kí Wọ́n Tó Jókòó

Anicet Àdìsá, ọmọ ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìlú ńlá. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí etí wa gbọ́ burúkú nípa rẹ. Ara mi le, orúnkún nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu. Àgbàdo oko Tchaada ti gbó. Ewúrẹ́ dúdú bímọ méjì, ọ̀kan kú. Faridatou aránṣọ ló ń bá mi kọ ìwé yìí, mo sì ti sọ fún un pé ohun tí mo bá wí ni kó kọ, kó má fi adùn kún un.

Nítorí fíìmù kan ni mo ṣe ń kọ ìwé. Latifou, ọmọ onílé ìsàlẹ̀, ra tẹlifísọ̀n tó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn, ó sì pè wá pé ká wá wo àwọn òyìnbó alákẹtẹ̀ tó ń gun ẹṣin. Láti ìgbà tí a jẹun ọ̀sán tán ni a ti jókòó, títí àwọn adìyẹ fi ń wọlé, wọn kò gun ẹṣin kankan. Inú ọkọ̀ ojú irin kan ni wọ́n há sí, ìjì ti kó yanrìn bo ojú irin níwájú àti lẹ́yìn, ilẹ̀kùn kò ṣeé ṣí. Ìbọn wà nídìí gbogbo wọn. Apànìyàn kan wà láàárín wọn, wọn kò sì mọ ẹni tó jẹ́. Wọ́n kàn ń wo ara wọn. Mo di ẹsẹ̀ àga mú.

Ohun tó bà mí lẹ́rù jù ni pé nígbà tí wọ́n ń wọ ọkọ̀ náà, ẹnikẹ́ni kò kí ẹnikẹ́ni. Wọn kò sọ pé ẹ kú ìjókòó, wọn kò béèrè pé ọmọ ta ni ọ́, ilé wo lo ti wá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan bu búrẹ́dì rẹ̀ fún ẹni tó jókòó tì í. Wọ́n jọ jẹ ẹ́ tán, ẹni náà ló sì yìnbọn pa á. Latifou ní eré ni, pé wọ́n máa ń dìde lẹ́yìn náà. Mo bi í pé ṣé ó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń dìde ni. Ó ní kí n ṣáà máa wò ó.

Ibẹ̀ ni iná ti lọ. Nígbà tí iná dé, Latifou tẹ nǹkan, ni mo bá rí ọmọ náà láàyè, ó gbé àpò rẹ̀ dání, ó tún ń bọ̀ wá wọ ọkọ̀. Ọlọ́run ti dá a padà. Mo dìde, mo ké sí i pé kó béèrè ọmọ ẹni tí ọkùnrin yẹn jẹ́ kó tó jókòó. Ó wò mí lójú, ó wọlé, ó jókòó, ó sì tún mú búrẹ́dì jáde. Gbogbo ilé fi mí rẹ́rìn-ín. Mo lọ sílé, n kò lè jẹun.

Anicet, nígbà tí mo bi ọ́ lórí fóònù nípa àwọn méjì tí ẹ jọ ń gbé yàrá kan ní Kútọnú, o ní ọ̀kan ń jẹ́ Régis, ìkejì, "voisin" ni o ń pè é. Faridatou ní aládùúgbò ni ìyẹn. Ṣé orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ nìyẹn? O ń sùn tì í, o ń bá a jẹun nínú àwo kan, o kò mọ ilé tó ti wá. O ní ní Kútọnú ènìyàn kì í béèrè irú rẹ̀. Àwọn inú ọkọ̀ yẹn náà kò béèrè.

Ǹ bá kìlọ̀ fún ọ nínú ìwé yìí kí n sì dákẹ́, ṣùgbọ́n mo ti kìlọ̀ fún ọmọ kan, ó wọlé síbẹ̀. Nítorí náà mo ń bọ̀. Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù Latifou. Má fi sórí ti Sọ̀fíyù ẹ̀gbọ́n rẹ, ojú fóònù tirẹ̀ ti sán, owó lè jò dànù. Fi díẹ̀ kún un fún oògùn orúnkún. Bí o kò bá fi ránṣẹ́, n ó yá a lọ́wọ́ àwọn tó ń pààrọ̀ owó ní Igolo, ìwọ ni wọn yóò sì wá bá.

Bí mo bá dé, àárín yàrá ni n ó dúró sí, n ó bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan pé ọmọ ta ni. Mo ń yan gàrí bọ̀. Bí wọ́n bá dáhùn bí ọmọ ènìyàn, kí gbogbo yín jọ mu ún. Bí ẹnikẹ́ni bá dákẹ́, ká ẹní rẹ, èmi àti ìwọ ó mu ún lójú ọ̀nà ilé.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o bá ẹni tí yóò pa ọ́ pín oúnjẹ. Ṣe àmín sókè, kí voisin gbọ́.

Èmi ìyá àgbà rẹ,
Àpínkẹ́, ní Ifangni.