Nígbà Tí Onígbáméjì Wọ Agbo Ilé Wa

Agbo Ilé Jagun,
Ìdèrè,
nípasẹ̀ Ìgbó-Ọrà.
Ogúnjọ́, oṣù Mááṣì, 1971.

Salome, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Bàbá Fọlábí ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ̀fọ́rí tó máa ń dà ọ́ láàmú, ṣé ó ti fi ọ́ sílẹ̀? Mo bẹ Ọlọ́run pé kí lẹ́tà yìí bá gbogbo yín lórí ìdúró. Lọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín, a dúpẹ́ pé a ṣì ń mí.

Àrùn onígbáméjì ti wọ Ìdèrè. A kọ́kọ́ gbọ́ pé ó wà lápá Èkó, a ní ọ̀nà jìn. Ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún yìí wá mú kí kànga gbẹ, odò kan ṣoṣo tó kù ni gbogbo wa ń pọn, ẹrẹ̀ inú rẹ̀ sì pọ̀ ju omi lọ. Ká tó mọ̀, wọ́n ti ń sin òkú láàárọ̀, wọ́n tún ń sin òmíràn lọ́sàn-án. Wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ wa pa. Japheth ọkọ mi ṣì wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Ìbàdàn, mo bá mú Yẹ́misí ọmọ wa lọ sọ́dọ̀ ìyá mi ní Erúwà, mo sì padà wá ṣọ́ ilé.

Bàbá Fẹ̀hìntọlá, alàgbà ìjọ wa, ló kọ́kọ́ kú ládùúgbò wa. O mọ̀ wọ́n, àwọn ló gbàdúrà fún wa níjọ́ ìgbéyàwó mi. Salome, ikú yẹn kó jìnnìjìnnì bò mí. Mo rò ó títí: bí ẹni tó mọ àdúrà gbà tó báyìí bá lè lọ, kí ni tèmi fẹ́ já mọ́? Láti ìgbà náà, bí inú mi bá kùn lásán, òógùn á bò mí.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo gbọ́ tí Mùnírátù ń bì. Mùnírátù ló ń gbé yàrá tó kọjú sí tèmi, kẹrosíìnì ló ń tà. Mùkáílà ọkọ rẹ̀ wà lóko. Kíá, gbogbo ilẹ̀kùn agbo ilé ti ń padé, gbàgà, gbàgà. Èmi náà ti tèmi. Mo kúnlẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ní kí n gbàdúrà, ọ̀rọ̀ kò jáde. “Jésù, Jésù” nìkan ni mo ń wí. Mùnírátù ń ké lọ́hùn-ún pé, “Ìyá Yẹ́misí, ẹ gbà mí o! Ẹ fún mi lómi!”

N kò mọ bí mo ṣe dìde. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ọ́ pé ẹ̀rù máa ń lọ kí ìgboyà tó dé. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, síbẹ̀ ohun kan rọlẹ̀ wọ̀ọ̀ nísàlẹ̀ ọkàn mi, àfi bí ìgbà tí èèyàn gbé ọwọ́ lé mi léjìká. Mo ṣílẹ̀kùn. Mo bu omi tí mo ti sè, mo ń kán an sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Ojú rẹ̀ ti jìn wọnú, awọ ọwọ́ rẹ̀ ti hunjọ bíi ti arúgbó.

Mo sáré lọ bá Wàhábì tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, kó gbé wa dé ilé ìwòsàn ní Ìgbó-Ọrà. Ó sún sẹ́yìn.

“Tíṣà, ẹ má bínú. Mo lọ́mọ nílé.”

“Èmi náà lọ́mọ, Wàhábì. Ẹ̀rù tó ń bà mí ju tìrẹ lọ. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìyàwó rẹ ló wà nílẹ̀ yẹn ńkọ́?”

Ó fi aṣọ di imú, ó sì jókòó sídìí ọkọ̀.

Lẹ́yìn ọkọ̀, orí Mùnírátù wà lórí itan mi. Ó bi mí pé, “Ṣé mo máa kú ni?”

N kò lè purọ́ fún un. Mo ní, “N kò mọ̀. Ṣùgbọ́n Jésù wà nínú ọkọ̀ yìí pẹ̀lú wa, èmi náà kò sì ní sọ̀ kalẹ̀.”

Mùsùlùmí ni, o mọ̀. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, “Ẹ ṣáà máa pè é.”

Nọ́ọ̀sì ní bó bá pẹ́ díẹ̀ sí i ni, ẹ̀pa kò ní bóró mọ́. Wọ́n fa omi sí i lára títí ilẹ̀ fi ṣú. Àná ló jókòó, tó béèrè ẹ̀kọ gbígbóná. Mo bọ́ síta, mo sunkún.

N kò tíì mọ ìdí tí Bàbá Fẹ̀hìntọlá fi kú tí Mùnírátù sì yè. Ohun tí mo mọ̀ ni pé n kò dá wà lẹ́yìn ọkọ̀ yẹn.

Àwọn aláìsàn ti pọ̀ ju àwọn nọ́ọ̀sì lọ. Wọ́n bẹ̀ mí kí n wá bá wọn ṣètọ́jú, mo sì ti gbà. Ìyá mi ránṣẹ́ pé ṣé mo fẹ́ sọ Yẹ́misí dọmọ òrukàn ni. Ọ̀rọ̀ náà gún mi dé egungun.

Bá mi kí Bàbá Fọlábí àti Abíọ́nà àbúrò rẹ. Ẹ jẹ́ kí omi yín hó dáadáa kí ẹ tó mu ún, kódà bó mọ́ lójú.

Má wá wò mí o, ohun yòówù kí o gbọ́. Láràárọ̀, kí o tó dáná, ṣáà dárúkọ mi fún Ọlọ́run. Ìgbà náà ni màá máa dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn, tí ẹsẹ̀ mi kò ní fẹ́ wọlé.

Ẹni rẹ nínú ẹ̀rù àti nínú ìgbàgbọ́,
Rosaline Àyànkúnlé