Búrẹ́dì Wà Nínú Ọkọ̀

Bàbá Hinda,

Ẹ dúró níbẹ̀! Ẹ gbọn aṣọ yín dáadáa kí ẹ tó wọ ilé ìdáná.

Mo ti ra nǹkan Ìrékọjá bọ̀ lọ́jà àwọn àgbẹ̀. Yìnyín ń bọ́, síbẹ̀ ọjà kún. Mo rí ẹyin, mo sì rí gbòǹgbò kíkorò kan tó tóbi tó apá yín. Everett tó tà á fún mi ní, "Mama, èyí á pa ọkọ yín lẹ́kún o!" Mo ní, "Irú ẹ̀ gan-an ni mò ń wá."

Ibi tí mo ti ṣìṣe nìyí. Láti ogún ọdún, ọ̀dọ̀ ìyàwó Everett ni mo ti ń ra búrẹ́dì kí n tó máa bọ̀ nílé. Ẹsẹ̀ mi tún gbé mi débẹ̀ lónìí, mo sì rà á. Ẹnu ọ̀nà wa ni mo ti rántí pé a ti gbá gbogbo ìwúkàrà kúrò nílé, búrẹ́dì kò sì gbọdọ̀ wọlé títí Ìrékọjá á fi parí! Èmi tí mo lé yín jáde lánàá pé kí ẹ lọ jẹ búrẹ́dì yín nínú yìnyín!

Mo sáré padà sínú ọkọ̀. Búrẹ́dì náà ń ta sánsán, mo bá jẹ ìdajì ẹ̀ síbẹ̀.

Ọkọ̀ Brayna aládùúgbò wa la bá lọ mú Hinda àti ọmọ ẹ̀ ní ibùdókọ̀ ojú irin, kó má baà rí èérún lórí ìjókòó wa. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ gbá ọkọ̀ wa lánàá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un gbá.

Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ jẹ ìdajì tiyín. Kò rọrùn kí n tó fi í sílẹ̀ o.

Aláriwo yín.